Ọdún Tí Mo Fò

Abọ́sẹ̀dé, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé lálẹ́ àná
nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní Àgọ́-Ìwòyè:
"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ ṣe Júpẹ́ẹ̀bù
àbí kí n tún jókòó ti Jáńbù lẹ́ẹ̀kẹta?"
Mi ò fèsì. Mo wo ọ̀rọ̀ náà
títí ojú fóònù fi ṣú.

O rò pé mo fo ọdún kan.
Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá wa ń wí kiri sọ́ọ̀mìlì ní Ìjẹ̀bú-Igbó:
"Ọmọ mi ò ṣe ọdún kìíní,
ẹnu ọ̀nà ló ti bọ́ sí yàrá."
Àwọn tó ń la gẹdú á kan sáárá sí i,
lẹ́búlẹ́bú igi á funfun nínú irun wọn.

Ọdún kì í ṣe kòtò tí èèyàn ń fò.
Mo lò ó, àbúrò mi.
Mo lò ó lábẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé epo,
àwa mọ́kàndínlọ́gọ́ta lórí bẹ́ǹṣì,
Ọ̀gbẹ́ni Awófẹ̀sọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò
tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa rí ní girama.
Òjò á dé, páànù á gbé ohùn rẹ̀ mì,
a ó máa ka ètè rẹ̀.
Owó tí bàbá san, gẹdú ìrókò méjì ni.
Mo mọ̀ wọ́n.
Èmi ni mo kọ nọ́ńbà sí wọn nídìí.

Mo yege. Mo wọ kíláàsì ọdún kejì lọ́jọ́ Ajé kan,
gbogbo wọn ti mọ orúkọ ara wọn.
Wọ́n ti mọ búkà tó ń ta àwìn,
wọ́n ti jà, wọ́n ti parí ìjà,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
èmi náà ń rẹ́rìn-ín
bí àlejò tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́.
Dáyírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè mí.
Ọdúnúgà tí a jọ ń gbé yàrá
rò fún oṣù mẹ́ta pé orúkọ àbísọ mi nìyẹn.

Kí n má sì purọ́ fún ọ.
Nígbà tí ìṣirò gígùn yẹn dé,
tí àwọn aláriwo dákẹ́, tí wọ́n ń jẹ bíírò,
èmi ti bá a pàdé lábẹ́ páànù, a ti kí ara wa.
Owó ilé ìwé ọdún kan tó ṣẹ́ kù
ni bàbá fi ra ayùn tuntun
rọ́pò èyí tí eyín rẹ̀ ti kán.

Ṣé o rántí ilẹ̀kùn tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì?
Igi tútù ni, wọ́n ń kán an lójú;
ó ti wọ́, ẹsẹ̀ ni àlùfáà fi ń ṣí i.
Ṣé o tún rántí ọ̀gánwó tó tò sẹ́yìn àtíbàbà,
tó ní kó gbẹ dáadáa, kí owó rẹ̀ gun òkè?
Ikán ló ra á.
Èwo ni ìwọ nínú méjèèjì? Mi ò mọ̀.
Igi kì í lè sọ bó ṣe gbẹ tó. Ìwọ lè sọ ọ́.

Ọdún tí mo jèrè, mo ti ná púpọ̀ nínú rẹ̀
níbi tí mo ti ń wá ẹni tí yóò pe orúkọ mi.
Bóyá tìrẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀.
Ẹnu rẹ yá ju tèmi lọ.

Iná ti dé.
Bí o bá lọ, bẹ́ǹṣì iwájú ni kí o jókòó sí,
páànù yẹn ṣì ń pariwo.
Bí o bá dúró, máa tẹ̀lé bàbá lọ sí sọ́ọ̀mìlì láàárọ̀,
kí o máa bá a kọ nọ́ńbà sára gẹdú:
mo gbọ́ pé ó ti ń gbàgbé
èyí tó kàn.