Igba Ó Lé Mẹ́rìnlá

Òjò Asturias kì í kù kó tó rọ̀;
ó ń ṣẹ́ winniwinni, ó ń wọ ara ẹni bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.
Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kanlẹ̀kùn kiri Vallorín,
ìwé lọ́wọ́, bírò lẹ́yìn etí:
"Ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ wó ilé àtùpà,
wọ́n fẹ́ wó òpó irin tó gbé kẹ̀kẹ́ méjì rù sójú ọ̀run,
kí wọ́n lè fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Mo bá Etelvina níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà funfun.
Kò gbójú sókè.
"Èmi? Kí n gba ilé yẹn sílẹ̀?
Ilé tó gbé Olegario mì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
tí kò sì pọ̀ ọ́ padà?
Ẹ jẹ́ kí katapílà wá. Màá se kọfí fún awakọ̀ rẹ̀."

Mo ti ká ìwé mi.
Òun ló tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ẹ̀wà wí:

"Wọ́n á fi àmì idẹ wọn kọ́ ìṣó,
wọ́n á gba àtùpà, wọ́n á wọlẹ̀ lọ.
Ẹni tó bá jáde a mú tirẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìṣó mọ́kànlá ni kò ṣófo.
Akọ̀wé já ti Olegario fún mi, pẹ̀lú owó oṣù kan ààbọ̀.
Wọ́n ní sìgá ló mu tó fi gbiná.
Olegario! Tí èéfín ààrò ń mú húkọ́!
Ìwé ìwádìí ńkọ́? Omi ti bà á jẹ́.
Àwọn ọ̀gá ńkọ́? Wọ́n ti kú.
Ta ló kù tó rí i?
Ògiri yẹn. Àwọn ìṣó yẹn."

Ó nu ọwọ́.
"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé.
Ó wá fẹ́ da kọnkéré bò ó báyìí,
kí ẹni tó kó o náà lè gbàgbé.
Mú bírò wá.
Má kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fẹ́ràn ilé náà o.
Kọ ọ́ pé a kì í wó ẹlẹ́rìí
kó tó rojọ́ tán."

Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé wa.
Mo fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kánsù jókòó lóṣù Kẹta, wọ́n sún un sí oṣù Kẹsàn-án.
Katapílà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà;
ológbò kan ti bímọ sábẹ́ rẹ̀.

Lánàá mo bá a dé ilé àtùpà.
Òrùlé ń jò. Ẹyẹlé ti sọ pẹpẹ di ìtẹ́.
Ó fi ìka wá ìlà karùn-ún bí afọ́jú ṣe ń kàwé,
ó yọ idẹ kan lápò,
tí ọgọ́ta ọdún àfọwọ́pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nọ́ńbà rẹ̀ tán,
ó fi í kọ́.
Ó dún ṣín.

"Ó ṣì wà nísàlẹ̀," ó ní.
"Kẹ́nikẹ́ni má tìlẹ̀kùn."