Nọ́ọ̀tì Kẹta

Ní Ìṣokùn, Fálúyì tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì,
ó gbé ẹ̀rọ ìfa-ooru méjì kalẹ̀:
ti bàbá mi, tèmi.

Ti bàbá wúwo bí ọmọ ọlọ.
Nọ́ọ̀tì mẹ́rin, bátìrì tó ṣeé yọ,
ẹnu dígí tí eyín ti ha lára;
òórùn ẹfinrin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀.

Tèmi fúyẹ́, ó ń dán.
Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa.
Ó kú lóṣù kejì.
“Kò nílẹ̀kùn,” ni Fálúyì wí,
“ibo ni kí n gbà wọlé?”

Mo rántí ikọ́ bàbá lóru ọyẹ́,
bó ṣe ń fi èékánná yí nọ́ọ̀tì kẹta
tí kì í le dáadáa.
Fálúyì fẹ́ yí i kó le.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.