Ojú-Ìwé Kẹrin

Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.
Ọ́fíìsì òkè ni mo jókòó sí, ní Ìsánlú,
fáànù ń fẹ́ mi, tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
mo ń kọ bí a ti ń se kajú, bí a ti ń pa á,
ojú-ìwé mẹ́rìnlá. Mo lu gbogbo rẹ̀ ní òǹtẹ̀,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí òfin ọba.

Ojú-ìwé kẹrin ní:
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ooru. Má dín in. Má fi kún un.

Ọyẹ́ sọdá odò Ọya wá bá wa.
Kajú ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ.
Odidi ni oníbàárà ń fẹ́, ẹ̀rún la ń dì fún un.
Ọ̀gá wo ìwé, ó wò mí. Mo wolẹ̀.
Mo ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ ni ò tẹ̀ lé e, sà."

Irọ́ ni. Wọ́n tẹ̀ lé e.
Ìyẹn gan-an ló ba kajú jẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán mi.
"Ọ̀kun o." "Ọ̀kun o, akọ̀wé."
Wọ́n dá mi lóhùn, ọwọ́ wọn ò dúró.
Mo jókòó sórí àpótí kan tó ṣófo.
Oje èèpo kajú ta sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó jó mi bí iná.
Ìyá Ìpínláyé rẹ́rìn-ín, ó fi epo pupa àti eérú pa á.
"Èyí ńkọ́? Ojú-ìwé wo ló wà?"

Kò sí níbì kankan.

Mo bi í léèrè ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn.
Ó bu kajú ẹ̀kúnwọ́ kan, ó mì í létí mi.
"Gbọ́. Tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ọyẹ́ ti fa omi inú ẹ̀ mu.
Wọ́n omi sí i lálẹ́, fi àpò bò ó, kó tó rí iná.
Èyí tó dákẹ́, iṣẹ́jú tìrẹ tó o."
"Ìyá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"
Ó wo ògiri, níbi tí òǹtẹ̀ mi ti ń dán.
"Ṣé ìwé máa ń bèèrè ni?"

Dáìsí nídìí bọ́ílà ní aago ibẹ̀ ti ń parọ́ láti ìgbà òjò,
èémí rẹ̀ ni òun ń gbọ́.
Ọmọbìnrin tó ń ṣa funfun kúrò lára pupa
(ọdún méjì, n ò mọ̀ pé Bọ́lájókò ló ń jẹ́)
ní òkùnkùn ni wọ́n gbé tábìlì òun sí.
Fèrèsé kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i.

Àjíbóyè nìkan ni ò dáhùn. Ó pọ́n ọ̀bẹ, ó pọ́n ọn,
ó ní, "Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ohun tá a mọ̀ sínú ìwé tán,
kí lẹ tún fẹ́ fi wá ṣe?"

N ò rí èsì. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ pẹ̀lú ìyókù.
Ó ní ká sún tábìlì. Ó ní ká ra aago.
Ó ní kí n kọ orúkọ wọn sí ìdí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.
Ó dé ìlà Àjíbóyè, ó ka á lẹ́ẹ̀mejì,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ká padà wá lọ́la.

Ọ̀la ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ojú-ìwé kẹrin tuntun ti wà lára ògiri,
ìka epo pupa kan wà létí rẹ̀, n ò nù ún:
Mì í, kó o gbọ́. Bí kò bá yé ọ, bi Ìyá Ìpínláyé.