Ọdún Márùn-ún Sí I

Mo fi bírò pupa yí oṣù Okúdù ká
lára kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn káńtà,
ní ṣọ́ọ̀bù oògùn wa lẹ́bàá Adéọ̀yọ́.
Lóṣù náà ni ìwé àṣẹ yóò kú,
ìwé tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ po hóró funfun yìí
àfi ẹni tó kọ́kọ́ pò ó.

Ní Olúyọ̀lé, ẹ̀rọ tuntun ti ń retí nínú ọ̀rá.
Múfútáù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tilẹ̀ fi páálí hàn mí:
wọ́n ti tẹ orúkọ sí i, iye owó nìkan ló kù.
Ó ní kò ní ju owó mọ́ínmọ́ín méjì lọ lójúmọ́.
Mo sọ fún Ràlíátù,
ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń ṣọ̀tẹ̀ sí.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti Àbújá:
a ti fi ọdún márùn-ún kún un.
Òbírí pupa náà ṣì wà lára ògiri.
Bírò kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, kò ṣeé nù.

Wọ́n ṣàlàyé. N ò ní purọ́ mọ́ wọn.
Wọ́n ní ọdún mẹ́wàá làwọn fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìjọba,
tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò,
kó má baà pa ẹni tó yẹ kó wò sàn.
Ọdún wọ̀nyẹn gbé; ó yẹ ká dá a padà.
Òótọ́ ni. Ẹni tó gbin iṣu ni kó kọ́kọ́ jẹ iyán.
Ṣùgbọ́n ọdún ha jẹ́ àwìn bí,
tí a ó fi máa sin ín lọ́wọ́ ẹni tí kò rà á?

Bàbá rẹ̀ wá láti Àkànrán lọ́jọ́ Àìkú,
ó mú páálí oògùn kòkó dání,
èyí tí wọ́n ń fín kí èso má baà rà dúdú lórí igi.
Ó ní, "Kà á fún mi." Mo kà á.
Irú àṣẹ kan náà. Ọdún ti gorí ọdún níbẹ̀ náà.
Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo páálí,
bí ẹni tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan.

N kò mọ òfin. Bíléèdì ni mo mọ̀.
Mo gbé hóró kan lé ìwé ìròyìn, mo gé e sí méjì:
ìdajì fún òní, ìdajì fún ọ̀la,
dókítà ò gbọdọ̀ gbọ́.
Ẹ̀tù díẹ̀ já sórí káńtà.
Kí n tó mú aṣọ nù ún,
Ràlíátù ti fi itọ́ kan ìka,
ó ti lá a.