Funfun Orí Kábéèjì

Agogo méje òwúrọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé,
n kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ tí mo ti yà sí oko,
ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ tí kánsù Lútọ̀n fi ń háyà fún wa
lẹ́yìn ojú irin, níbi tí rélùwéè Lọ́ńdọ̀nù ti ń kọjá fìrì.
Kábéèjì mọ́kànlá. Mo kà wọ́n bí ẹni ń ka ọmọ tó ti ilé ìwé dé.
Gbogbo wọn ti funfun.

Kì í ṣe ti yìnyín; oṣù Kẹsàn-án la ṣì wà.
Funfun bí ojúgun Ìbídùn ọmọ mi lásìkò òtútù
kí n tó fi òrí pa á,
irú funfun tí ìyá mi kì í rí kó dákẹ́:
“Ọmọ ta nìyí, tó dà bí ẹni sùn sínú eérú?”
Ojú tì mí níwájú kábéèjì.

Mo bu omi, mo mú kànrìnkàn,
mo fọ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọ ẹ̀yìn etí wọn.
Mẹ́ta mọ́, wọ́n ń dán gbinrin.
Oorun ń kùn mí; mo fi mẹ́jọ tó kù sílẹ̀, mo lọ sùn.

Òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́.
Lórí àwọn tí n kò fọ̀, omi ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀,
ó ń já bọ́ sílẹ̀.
Lórí mẹ́ta tí mo fọ̀, omi jókòó bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, ewé wọn ti ń rà.

Ìyá Tolley, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí ebè rẹ̀ kángun sí tèmi,
gba orí pákó kọjá
pẹ̀lú awò tó fi ń ka ìwé ìròyìn.
Kò bá mi wí. Ó fi àtàǹpàkò ra ewé kan tí n kò fọ̀:
funfun náà ṣí, àwọ̀ ewé yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń jọ̀lọ̀.
“Ìda ni,” ó wí. “Ó bá a wáyé ni.
Aṣọ òjò rẹ̀ lo bọ́.”

Mo wo ọwọ́ mi.

Ó ní kí n kọ́kọ́ gbọn ewé ná.
Bí funfun bá fò, tó tún padà wá bà, kòkòrò ni;
àwọ̀n tó há ni kí n fi bò wọ́n láti kékeré.
Ó ní kí n dojú ewé dé. Bí ebu bá wà lábẹ́, tí òkè sì pọ́n
bí ìbẹ́pẹ (ìbẹ́pẹ, èmi ni mo fi kún un),
kí n já a, kí n gbé e jìnnà sí ààtàn,
kí n fi àyè sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá.
Bó bá sì jẹ́ òrùka òrùka ni, bí ibi tí omi gbẹ sí,
omi ẹ̀rọ Lútọ̀n ni: “Lọ wo inú kẹ́tùlù rẹ.”

A ń lọ báyìí títí a fi dé orí èyí tó wà ní ìkángun,
èyí tí mo ti ń yìn, tí mo ní òun ló gbọ́n jù.
Ìyá Tolley la àyà rẹ̀. Iná ewé ló kún ibẹ̀,
aláwọ̀ eérú, wọ́n tò gbọ̀ngàn-ǹ, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu.
Ọwọ́ la fi tẹ̀ wọ́n pa. Ọṣẹ díẹ̀, omi púpọ̀,
ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti wọ̀;
lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, a tún un ṣe.

Mẹ́ta tí mo fọ̀, mo tètè gé wọn.
Mo bó ìta wọn dànù; inú wọn dára, a fi sè ọbẹ̀ sadíìnì.

Òtútù ti wá dé báyìí. Lálẹ́ àná Ìbídùn na ẹsẹ̀ sí mi,
funfun báláú. Mo ti bu ìpara sọ́wọ́, mo dúró.
“Màámi, kí lẹ ń wò?”
Mo ní kò sí nǹkan.
Mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè, mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.