Ẹnu Àgbá

Wọ́n ní kí n wá tún àgbá ṣe,
èmi Fásùàn, wẹ́dà ẹ̀yìn Ọjà Ọba n'Íkẹ́rẹ́,
èmi tí mo mọ géètì í ṣe, tí mo mọ ẹ̀rọ gàrí í tún ṣe,
ṣùgbọ́n irin ogun kò gbàwòsàn lọ́dọ̀ mi rí.

Ẹ̀yìn ilé kòkó àtijọ́ ló wà,
táyà rẹ̀ ti jẹrà, ẹsẹ̀ kan ti wọlẹ̀ dé orúnkún.
Àwọn obìnrin ń sá láfún lé e lẹ́yìn,
ewúrẹ́ ń bímọ sábẹ́ rẹ̀,
àwa náà, nígbà tí a wà ní kékeré,
òun la fi ń ṣe ẹṣin.
Kò sẹ́ni tó bi í pé ta lo pa.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dísù rẹ ẹ́.
Nọ́ọ̀tì kan ò gbọ́, mo fi iná bá a sọ̀rọ̀;
ó ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán.
Mo fi igi gbọọrọ gbá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀:
ilẹ̀ ìkán jáde, ìtẹ́ agbọ́n jáde,
kóró kòkó méjì, bàtà ọmọdé ẹyọ kan.
Ikú ni mo rò pé n ó bá níbẹ̀.

Kàǹsílọ̀ ní kí n kùn ún láwọ̀ wúrà.
Màmá Ọmọ́lẹ́yẹ, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé,
fi ọ̀pá kanlẹ̀: "Ìyàwó ta ni ẹ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́?"
Mo kùn ún láwọ̀ ewé gbígbẹ.

Ìjà wáá dé sórí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò kọ sí.
Ààfin? Èèwọ̀.
Ilé-ìwé? Ọ̀gá ibẹ̀ ní òun ò gbọ́.
Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bọ́ sẹ́yìn.
Ẹnìkan ní kó kọjú sí òkè Olósùnta;
àwọn àgbà ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bá òkè jagun ni?"
A ń yí i kiri lórí sìmẹ́ńtì tútù
bí àlejò tí kò rí àga.

Màmá ní: "Ẹ kọ ọ́ sí títì Àkúrẹ́.
Ibẹ̀ ni lọ́rì gbé wọn gbà.
Mo gbé ẹ̀kọ lọ́wọ́, mo ń sáré tẹ̀lé e,
Ọmọ́yájowó ní kí n padà sí ulé,
pé òun ń bọ̀ kí iṣu tó ta."

Iṣu ta. Wọ́n wà á. Wọ́n gbin òmíràn.
Lẹ́yìn ogun Bọ́mà, ìwé dé pẹ̀lú pọ́n-ùn méjìlá.
Bàbá wọn ò ná an.
Ikán ló ná an, nínú àpótí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí n ó fi irin dí ẹnu àgbá,
Màmá ní kí n dúró ná.
Ó tú gèlè, ó ti orí bọ ẹnu irin,
ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni ń pè é wá jẹun:
"Ọmọ́yájowó o!"

Àgbá gbé orúkọ náà mì,
ìrù rẹ̀ nìkan ló dá padà:
owó... owó... owó.

Mo taná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Gíláàsì dúdú wà lójú mi;
ẹni tó bá rí omi lábẹ́ rẹ̀,
kó ní òógùn ni.