Ohun Tí Mo Kọ Sẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Bọ́látitó fi àwòrán ránṣẹ́ láti òkè òkun:
iyanrìn funfun, agboòrùn aláwọ̀ ọsàn,
àga gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ síwájú omi.
"Bàbá, ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ kàn máa sùn nínú oòrùn."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó wò ó títí.
"Ta ló ń fowó ra oòrùn?
Ẹ ní kó wá sí Ẹfọ̀n lóṣù kejì,
kó jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti yọ kàlẹ́ńdà èṣí lára ògiri,
mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ti mú bírò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ya òkun yẹn
sára bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì búlúù lọ́wọ́ mi,
tí mò ń tọ́ka sí erékùṣù kan
tó dà bí ẹyọ gààrí tó bọ́ sínú abọ́ omi.
"Ẹ wí i tẹ̀lé mi: Málítà."
Nínú Bíbélì wa, Mẹ́lítà ni,
ibi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́,
tí paramọ́lẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́ tí kò kú,
tí àwọn onílé dáná fún àlejò nínú òjò.
Mo kọ́ni ní gbogbo rẹ̀. Mi ò rí i rí.

Nítorí náà, Bọ́látitó, gbọ́:
má sanwó àga etí òkun.
Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń to òkúta lé òkúta
láìsí sìmẹ́ńtì, kí erùpẹ̀ má bàa ṣàn lọ,
nítorí ọmọ olókè ni wá,
ọ̀gbàrá sì ti wọ́ ìdajì oko bàbá mi lọ sísàlẹ̀.
Mo fẹ́ mọ ohun tí ewúrẹ́ wọn ń jẹ.
Mo fẹ́ bá ẹni tó ń fún òróró ólífì sọ̀rọ̀,
kí n bi í bóyá igi náà ń bínú, bíi kòkó,
nígbà tí ẹni tó gbìn ín bá kú.

Ìyá rẹ ní kí n fi tòun sí i:
àwọn arúgbó tó ń hun léèsì lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ó fẹ́ jókòó tì wọ́n, kó wo ìka wọn.
Ogójì ọdún ló fi rán léèsì tí kò mọ ẹni tó hun ún.
Ó ní orúnkún òun ò fẹ́ àtẹ̀gùn.
Ó ní kí n bèèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gún iyán ní òtẹ́ẹ̀lì.
Mi ò ní bèèrè ìyẹn.

Ibẹ̀ ni bírò ti dúró.

Ìlésanmí Fátúnàṣe, kíláàsì kẹta, ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé.
Ó mọ máàpù yà jù mí lọ.
Ó gba aṣálẹ̀ kọjá, ó dé Líbíà,
ó pe ìyá rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú kan:
"Mo ń wo omi náà báyìí, Màámi.
Kò fẹ̀ tó bí Tíṣà ṣe yà á."
Oṣooṣù ni obìnrin náà ṣì ń ra káàdì
sórí nọ́ńbà tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ lórí,
kí wọ́n má bàa gbà á fún ẹlòmíì.

Wọ́n ní itẹ́ òkú kan wà ní erékùṣù yẹn
fún àwọn tí òkun gbé wá láìlórúkọ.
Fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún mi níbẹ̀.
Má wá takisí. Màá fẹsẹ̀ rìn.
Màá fi ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan sápò.
Òjò á pa á rẹ́, mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù,
o lè mú wa lọ sétí omi rẹ.
Ìyá rẹ lè gba àga.
Èmi á dúró, màá bọ́ bàtà,
màá wò ó dáadáa
bóyá lóòótọ́ ni kò fẹ̀.